Ẹni Tí Yóò Jẹ Oyin Inú Àpáta

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké lè kú, ó sì lè ya lẹ́nu. Ojú ẹni tó ń wá oyin kì í kúrò lára àpáta. Òwe yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ohun tí ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá Matt Rhule rí ní Yunifásítì Baylor, nílùú Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 2017. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, tí agbábọ́ọ̀lù ń dé akoto lórí, kì í ṣe ti Messi. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ìdíje 12 ni wọ́n kópa nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n borí.

Ẹni tó bá wo iye yẹn nìkan á ní ọkùnrin náà kò mọ iṣẹ́. Àmọ́ kí ló bá nílẹ̀? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, yunifásítì náà lé Art Briles tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n sì yọ Kenneth Starr nípò ààrẹ ilé ẹ̀kọ́, nítorí bí wọ́n ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mú wá, tí ó kan àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ náà burú jáì, ó sì tọ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ṣèlérí pé Baylor làwọn ń bọ̀ tú ká. Nígbà tí Rhule máa fi dé ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọ kan ṣoṣo ló kù tí kò yẹ àdéhùn, Jalen Pitre lorúkọ rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹ̀ka iṣẹ́ kan lé yín lọ́wọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ bá nílẹ̀ sí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ta ló kù? Ta ló ti ń di ẹrù? Gbèsè wo ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín? Kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá àwọn tó gbà yín síṣẹ́ nígbà tí ara ṣì tutù. Bí ẹ bá sọ ọ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìròyìn ni; bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti nà yín tán, àwáwí ni gbogbo ayé máa pè é.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú bọ́ọ̀lù yìí, òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama lè yára ju ẹni ọdún 22 lọ, kó sì jáfáfá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 22 yẹn ti gbé irin fún ọdún mẹ́rin, ó ti fara gba ìkọlù tí kò lóǹkà, ó ti mọ ibi tí ọ̀tá máa gbà yọ kí ọ̀tá náà tó gbéra. Baylor ti pàdánù irú àwọn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tuntun ló ń wọ pápá. Kí sáà náà tó parí, Charlie Brewer, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ́dún yẹn gan-an, ló ń darí bọ́ọ̀lù fún wọn.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ni ìdíje àkọ́kọ́, nínú pápá tiwọn. Liberty ló wá bá wọn, ilé ẹ̀kọ́ tó ṣì wà ní ìpele kejì nígbà náà, tí gbogbo èèyàn rò pé wọ́n kàn wá gba owó ọkọ̀ ni. Liberty borí pẹ̀lú 48 sí 45. Lọ́sẹ̀ kejì, UTSA nà wọ́n, 17 sí 10. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo wà, tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi náà á pariwo.

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ olórí tuntun ni kó mọ ẹ̀yìn wò, nítorí pé ìṣubú kan yàtọ̀ sí òmíràn. Lóṣù Kẹsàn-án kan náà, Oklahoma wá, Baker Mayfield ló ń darí wọn, ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ Heisman lọ́dún yẹn. Oklahoma borí, 49 sí 41. Ní oṣù Kẹwàá, West Virginia ti gbá wọn dé 38 sí 13 kí apá ìkẹrin tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn kò jókòó. Wọ́n kó àmì 23 jọ, ó di 38 sí 36, ìgbìyànjú ìkẹyìn láti mú un dọ́gba ni kò bọ́ sí i. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ìpàdánù ni eré West Virginia àti eré Liberty jọ ń jẹ́. Lójú ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ o: Oklahoma State nà wọ́n ní 59 sí 16, kò sí ohun tí a fẹ́ fi yẹn kọ́ ara wa ju pé ó dunni. Kansas nìkan ni wọ́n rí nà, 38 sí 9, ní oṣù Kọkànlá.

Nítorí náà, ẹ má ka ìborí nìkan. Ẹ ka àwọn tó ṣì ń sáré nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́. Ẹ wo ẹni tó wá síbi ìdánrawò lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ìpàdánù ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí iye wọn bá ń dín lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ̀rù bà yín.

Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Rhule ti la irú rẹ̀ kọjá ní Yunifásítì Temple, ní Philadelphia. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, 2013, ìborí méjì àti ìpàdánù 10, Fordham tó wà ní ìpele kejì sì wà lára àwọn tó nà wọ́n. Lọ́dún 2015, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lọ́dún 2016, wọ́n gba ife àjọ wọn. Nígbà tó ń lọ sí Baylor, ó mú Phil Snow tó ń bójú tó ìdáàbòbò fún un ní Temple dání. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Nígbà tí gbogbo ìlú bá ń bú yín, ẹ nílò ẹnì kan nínú yàrá tó ti bá yín jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, tó sì rí òpin rẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nick Saban, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wárí fún lónìí, pàdánù sí Louisiana-Monroe ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Alabama, ní oṣù Kọkànlá 2007, 21 sí 14, nílé tirẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń gbéra lẹ́yìn àjálù, ó dárúkọ ìkọlù 9/11 àti ti Pearl Harbor. Ariwo tó tẹ̀lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ìpàdánù náà lọ. Ẹ̀yin tí inú ń bí, ẹ sọ ìwọ̀nba, kí ẹ wọlé.

Ọ̀nà kan ò wọjà, mo mọ̀. Deion Sanders tó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká dé Yunifásítì Colorado gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́yìn sáà 2022 tí wọ́n ti borí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì sọ fáwọn tó bá níbẹ̀ lójú ara wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ó lé ní 50 agbábọ́ọ̀lù tó lọ lóòótọ́, àwọn mìíràn sì wọlé láti ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Wọ́n borí nínú ìdíje mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 2023, ayé ń jó. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbá Stanford dé 29 sí 0 kí ìsinmi tó dé, Stanford yí i padà, sáà náà sì parí sí ìborí mẹ́rin àti ìpàdánù mẹ́jọ. Ọdún tó tẹ̀lé e dára, wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, nítorí náà n kò lè ní ọ̀nà rẹ̀ kò já síbì kan. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, àfi bí ẹ bá ní orúkọ tí Deion ní, tí àwọn èèyàn á tìtorí rẹ̀ fi ilé wọn sílẹ̀.

Ní Baylor, 2018 mú ìborí méje wá, 2019 mú 11 wá. Rhule lọ sí Carolina Panthers ní oṣù Kìíní 2020, Dave Aranda gba ipò rẹ̀. Sáà àkọ́kọ́ ti Aranda náà ńkọ́? Ìborí méjì, ìpàdánù méje. Lọ́dún kejì, 2021, Baylor gba ife àjọ wọn, Big 12, Pitre, ọmọ kan ṣoṣo ọjọ́sí, sì wà lára àwọn tó gbé e.

Àwọn Panthers ò ní irú sùúrù yẹn. Ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n, wọ́n sì lé Rhule ní oṣù Kẹwàá 2022, sáà kẹta kò tíì dé ìdajì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi àwọn tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ pé sáà mélòó ni wọ́n fẹ́ fún yín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa sọ fún ìlú lọ́jọ́ tí irú Liberty bá nà yín nílé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.