Ọmọ Òrukàn Tí Ìwà Rẹ̀ Yí Padà: Ṣé Kí Á Mú Un Lọ sí Ilé Ìtọ́jú?

Bismillāhi-r-Rahmāni-r-Rahīm.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Allāh, Ọba tí ó fi ọmọ òrukàn ṣe àmánà sí wa lọ́rùn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà láìní bàbá, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ẹ̀yin tí ẹ ń fi sàká àti sàráà yín tọ́jú ọmọ òrukàn ní Ajegunle àti Apapa, nígbà tí ọmọ bá wà ní kékeré, oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé-ìwé ni à ń rò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń bàlágà, ìṣòro mìíràn lè dé tí owó nìkan kò lè yanjú.

ÀPẸẸRẸ KAN

Ẹ jẹ́ kí á mú un ní àpẹẹrẹ pé ọmọkùnrin ọdún 15 kan ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nítòsí Boundary. Kò lọ sí ilé-ìwé mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ìdí tírélà ní ọ̀nà Apapa ni ó ń sùn sí nígbà mìíràn. Ó ń lo tramadol, ó ń jí owó, ó sì ti gbé ọwọ́ sókè sí ìyàwó ilé. Aládùúgbò kan wá ní: "Alhaji, ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ aáfà kan tí mo mọ̀. Bí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, orí rẹ̀ á pé."

Ẹ má jẹ́ kí á yára dá alágbàtọ́ náà lẹ́bi. Àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú ilé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìṣòro náà kò sì mọ sí ilé rẹ̀ nìkan. Ìwádìí tí àjọ UNODC àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé nínú àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 14 nínú 100 ni ó ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní Èkó, 33 nínú 100 ni.

OHUN TÍ A RÍ NÍ 2019

Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, Kaduna, tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú àti ilé àtúnṣe ìwà. Wọ́n bá ọkùnrin àti ọmọdé tí ó ju 300 lọ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Yorùbá: ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ọgbà mọ́sálásí kan ní Òjòó, Ìbàdàn. Nínú irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú ọ̀pọ̀ ọmọ lọ, wọ́n tilẹ̀ san owó. Wọ́n rò pé ìwòsàn ni àwọn ń rà.

Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oògùn. Hadísì kan wà nínú Sahīh al-Bukhārī nípa ọkùnrin kan tí wọ́n ń mú wá léraléra nítorí ọtí. Wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè fún un, Ànábì (S.A.W.) kọ̀ fún onítọ̀hún, ó sì jẹ́rìí sí ìfẹ́ tí ọkùnrin náà ní sí Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ìbáwí wà níbẹ̀, ìtanù kò sí. Àwọn àgbà wa náà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi òsì fà á mọ́ra.

ÌGBÀ WO NI Ó YẸ?

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó ń lo oògùn ni ó nílò kí á mú un kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ni ó lè máa ti ilé lọ rí dókítà. Ẹlòmíràn sì wà tí ọ̀fọ̀ bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Oògùn ni ó fi ń pa ìrora náà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bí ó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bí gìrì bá ń mú un (tramadol lè fà á), bí ewu bá wà fún àwọn ará ilé, tàbí bí a bá ti gbìyànjú ìtọ́jú láti ilé tí kò ṣiṣẹ́, dídá a dúró sí ilé ìwòsàn lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí là. Ẹ má sì ṣe ti ọmọ mọ́ yàrá pé kí ó jáwọ́ lójijì. Àwọn oògùn kan wà tí jíjáwọ́ lójijì nínú wọn léwu.

Ilé ìwòsàn ìjọba ti Ajeromi wà ní Ajegunle, a lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, ní ẹ̀ka fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí kò gba owó: 0800 1020 3040.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ Á TÓ GBÉRA

1. Ṣé dókítà ti yẹ ọmọ náà wò, àbí ìbínú wa ni ó ń gbé e lọ?
2. Ta ni ó ń tọ́jú wọn níbẹ̀? Ṣé dókítà àti nọ́ọ̀sì wà, ṣé ìjọba sì mọ ilé náà?
3. Ṣé a lè wọlé wo yàrá tí wọ́n ń sùn, kí á sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan? Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹbí má wá, ẹ yà fún un.
4. Ṣé a ti ṣàlàyé fún ọmọ náà, ṣé a sì gbọ́ ohun tí ó sọ? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, 2007, ní ire ọmọ ni kí á kọ́kọ́ wò.
5. Ta ni yóò gbà á nígbà tí ó bá jáde?

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni ó wúwo jù. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ẹbí wọn kan sì gbọ́dọ̀ bá wọn wá, kí ó máa dáná fún wọn, kí ó máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa ètò yìí. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé ilé ìtọ́jú jẹ́ ibi tí a ń bá aláìsàn lọ, kì í ṣe ibi tí a ń sọ ọ́ sí. Ọmọ tí ó bá padà sí ìdí tírélà kan náà láìsí iṣẹ́ ọwọ́, láìsí ilé-ìwé, láìsí ẹni tí ń bi í pé "ṣé o ti jẹun?", kò ní pẹ́ padà sí ìdí oògùn.

SÀKÁ WA ŃKỌ́?

Sūratu-t-Tawbah, āyah 60, to ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Tálákà àti aláìní ni ó ṣáájú, ọmọ òrukàn tí kò ní nǹkan sì wà lára wọn. Nítorí náà a lè fi sàká san owó ìtọ́jú rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá fi dúkìá sílẹ̀ fún un, kí á kọ́kọ́ wo inú dúkìá náà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí, nítorí pé Sūratu-n-Nisā', āyah 6, kìlọ̀ fún àwọn tí ń bá òrukàn tọ́jú ohun ìní rẹ̀. Owó tí a bá yà sọ́tọ̀ kò gbọdọ̀ mọ sí ti ilé ìwòsàn: owó ọkọ̀ fún ẹbí tí yóò máa lọ wò ó àti owó iṣẹ́ tí yóò kọ́ nígbà tí ó bá dé wà lára ìtọ́jú.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÀSÀLÁTÙ

Nínú àwọn òrukàn tí à ń ná owó lé lórí, mélòó nínú àwọn tí ó ti bàlágà ni a bá sọ̀rọ̀ ní oṣù yìí? Ta ni nínú wa tí ó lè gba ọmọ kan sí ẹ̀nu iṣẹ́ rẹ̀? Bí alágbàtọ́ kan bá ní ó ti rẹ òun, ta ni yóò bá a gbé e?

Kí Ọlọ́hun Allāh ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó wo àwọn tí ara wọn kò yá sàn, kí Ó sì gba sàká àti sàráà wa ní iṣẹ́ rere. Āmīn.