Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Wákàtí Inú Ọ̀sẹ̀ Kan

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a kọ́ bí a ti ń kọ owó tí ó wọlé àti owó tí ó jáde. Lónìí, a ó ṣírò àkókò. Àkókò náà níye. Bí ó bá tán, kò sí ẹni tí ó lè yá wa.

Púpọ̀ nínú wa ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnù. Èmi náà ní. Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kútọnù. Ìyá wa ń ta epo pupa ní ọjà Pọ́bẹ̀. Bí ọjà bá tà, a ń fi owó ránṣẹ́ sí i. Bí ọjà kò bá tà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó yàrá àti owó oúnjẹ.

Nítorí náà, ó wá iṣẹ́ kékeré kan. Ó ń bá obìnrin kan ta búrẹ́dì àti ẹyin dídín lẹ́bàá títì, láti aago 7 alẹ́ di aago 12 òru, ní alẹ́ 6 nínú ọ̀sẹ̀. Inú wa dùn. A ní, "Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ."

Ṣùgbọ́n a kò mọ bí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti rí. Ọdún 3 ni ní ilẹ̀ wa. Kì í ṣe ìjókòó ní kíláàsì nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn aláìsàn. Sítáàsì ni a ń pè é. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin ní kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì má dín ní wákàtí 4,600, kí ó kéré tán ìdajì rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹni tí ń kọ́ nọ́ọ̀sì ti ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ kí ó tó wá òmíràn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi wọn ìgbóná ara aláìsàn méjì. Ó kọ ti ẹni kìíní sí orúkọ ẹni kejì. Ẹni tí ibà ń ṣe gan-an ni ìwé wí pé ara rẹ̀ le. Ọpẹ́lọpẹ́ àgbà nọ́ọ̀sì tí ó tún un wọ̀n. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Oorun ló wà lójú mi. Wákàtí 3 péré ni mo sùn."

Nígbà tí ó wá sílé, a mú bébà, a jọ ṣírò:

Wákàtí inú ọ̀sẹ̀: 24 × 7 = 168
Oorun: 7 × 7 = 49
Kíláàsì tàbí sítáàsì: 8 × 5 = 40
Lílọ àti bíbọ̀: 2 × 5 = 10
Ìwé kíkà nílé: 3 × 6 = 18
Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀, àdúrà: 4 × 7 = 28
Àpapọ̀: 145
Ohun tí ó kù: 168 – 145 = 23

Iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ ńkọ́? 5 × 6 = 30. Ó fi 7 ju ohun tí ó kù lọ. Níbo ni ó ti rí 7 náà? Nínú oorun ni. Ìyá wa dákẹ́ títí, ó wá wí pé, "Epo ni èmi ń tà. N kò mọ̀ pé oorun ni ọmọ mi ń tà."

Àìsùn kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1997, onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Dawson àti Reid, fi ìwádìí hàn pé ẹni tí ó wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ó ti mu ọtí. Ẹni tí ó jí ní aago 5 àárọ̀ yóò dé ibẹ̀ ní aago 10 alẹ́. Ta ni nínú wa ni yóò jẹ́ kí ẹni tí ó mu sódabì gún ọmọ òun ní abẹ́rẹ́?

Òwe wa ní ẹni tí ó bá lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n eku kejì yìí, owó oúnjẹ ni. Kò ṣe é fi sílẹ̀ pátápátá. Ìwọ̀n ni a ní láti mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ti òkèèrè wá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé.

Ohun tí a ṣe nìyí. Àbúrò mi bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú, ní ọ̀sán, ni ó ń tajà nísinsìnyí: 5 × 2 = 10. Ó ku wákàtí 13 fún ìsinmi, ìbẹ̀wò àti àìsàn. Nígbà ìsinmi gígùn, ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ń tọ́jú owó náà pamọ́. Ìyá wa dá àjọ fún owó yàrá. Èmi ń san owó ọkọ̀. Owó tí ń wọlé fún un dín kù, àwa nílé ni a gbé ìyókù.

Ní Pọ́bẹ̀ níbí, ilé ìtọ́jú egbò Buruli wà. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń wẹ egbò, wọ́n ń di egbò, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ojú tí ó là. Bí ọmọ yín bá pè yín láti ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe béèrè pé, "Èló lo rí?" nìkan. Ẹ tún béèrè pé, "Ṣé o sùn?"

Ìbéèrè
1. Wákàtí mélòó ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan?
2. Kí ni sítáàsì?
3. Àṣìṣe wo ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe? Kí ni ó fà á?
4. Kí ni ìyá ṣe láti ràn án lọ́wọ́?
5. Ẹ kọ wákàtí ọ̀sẹ̀ tiyín sínú ìwé. Mélòó ni ó kù?