Òjò Sinmi ní Ìbàdàn, Ó Ń Rọ̀ ní Kánò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí bí oṣù kẹjọ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Láti oṣù kẹrin ni òjò ti ń rọ̀. Bó bá fi máa di oṣù kẹfà, ó ti le débi pé aṣọ kì í gbẹ mọ́, ọ̀nà oko a sì di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù keje, òjò á dáwọ́ dúró. Ojú ọ̀run á ṣú láti àárọ̀ títí di alẹ́, òtútù á mú, àwọn ọmọdé á máa gbọ̀n bí wọ́n bá ń wẹ̀ láàárọ̀, àmọ́ òjò gidi ò ní rọ̀. Bó bá tiẹ̀ ṣe bí ẹni fẹ́ rọ̀, wínniwínni náà ni. Àwọn ará ìlú ńlá ń pè é ní Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ni a ó máa pè é nínú ẹ̀kọ́ yìí, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ńlá, ti ọyẹ́, tí ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bó ti rí ní ìlú tiwọn ló rí níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ka lẹ́tà yìí. Àwa ni a kọ ọ́ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta obì ní Kánò lè kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe oko lẹ́bàá Ìbàdàn:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹ ní kí n ra ẹ̀pà ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí níbí. Lánàá, ó rọ̀ láti ọ̀sán di alẹ́, omi sì wọ ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi. Ẹ̀pà ṣì wà nínú ilẹ̀, wọn ò tíì wú u. Ẹ ní ẹ̀yin ń ká àgbàdo gbígbẹ lọ́hùn-ún? Ó yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá sá nǹkan síta níbí lóṣù yìí, ó fẹ́ kó bàjẹ́ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rò pé àwàdà ló ń ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ní Kánò, oṣù karùn-ún ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oṣù kẹwàá bá fi máa parí, ó ti tán. Èyí tó ń rọ̀ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ nìkan ju ìdajì gbogbo òjò ọdún lọ. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, òjò oṣù kẹjọ kì í sábà tó ìdajì ti oṣù kẹfà.

Kí ló fà á? Afẹ́fẹ́ méjì ló ń lé ara wọn kiri lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń bọ̀ láti orí òkun, ó ru omi. Èkejì ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ń gbé eruku; òun ni ọyẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró lójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀lé. Ní oṣù kìíní, ti aṣálẹ̀ á lé ti òkun títí dé itòsí etí òkun. Ní oṣù kẹjọ, ti òkun á lé ti aṣálẹ̀ kọjá Kánò, kọjá Katsina, wọ orílẹ̀-èdè Niger. Òjò ńlá náà á bá a lọ sókè, á fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etí ilẹ̀ Gánà àti Ivory Coast. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lè gòkè tó láti di òjò ńlá. Ìdí nìyẹn tí ìkùukùu fi ń bo ojú ọ̀run lásán.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe jíjìnnà sí òkun nìkan ló ń mú ibì kan gbẹ. Lomé ní ilẹ̀ Tógò wà létí òkun gan-an, síbẹ̀ òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju bíi 850 mìlímítà lọ. Ti Ìbàdàn tó wà lókè tó bíi 1,300. Ti Calabar, tí òun náà kò jìnnà sí òkun, ju 2,500 lọ!

Fún àgbẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kékeré ní oore tirẹ̀. Òun ló ń fún wa láyè láti ká àgbàdo àkọ́rọ̀, kí a sì tún ilẹ̀ ṣe fún ti àrọ̀kúrò. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn. Àgbàdo tí a kó jọ ní tútù á bu, èyí tó bu sì lè ní májèlé tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fífọ̀ ọ́ tàbí sísè é kì í pa májèlé náà tán. Ẹ tẹ́ àgbàdo sí àjà lókè ààrò, kí ooru iná máa kàn án, kí ẹ tó kó o sí àká. Èyí tó bu, ẹ má fi fún ọmọ, ẹ má sì fi fún adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ gbígbìn ló le jù. Àwọn kan á rí òjò kan ṣoṣo láàárín oṣù kẹjọ, wọ́n á ní òjò ti dé, wọ́n á gbin àgbàdo. Irúgbìn á hù, ilẹ̀ á gbẹ, ó parí. Ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò ná. Bí ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ, ẹ dúró. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ń wo ojú ọjọ́, NiMet, náà máa ń kéde lọ́dọọdún bí ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yóò ṣe pẹ́ tó. Ó dára kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn.

Gbogbo ọdún kọ́ ni òjò sì ń sinmi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ẹ̀mí tó ju 100 tún lọ sí i. Oṣù kẹjọ kan náà tí a ń pè ní oṣù ìsinmi òjò ni o! Ẹni tó bá ń da ìdọ̀tí sínú odò nítorí pé odò fà lóṣù náà, ẹnu ọ̀nà omi ló ń dí.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé e sí gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó. Láàárọ̀, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, ẹ kọ iye mìlímítà àti ọjọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì da omi náà nù.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ará Kánò kò lè fi ẹ̀pà ránṣẹ́ ní oṣù kẹjọ?
2. Níbo ni ọyẹ́ ti ń wá?
3. Kí ni ẹ ó ṣe kí ẹ tó gbin àgbàdo àrọ̀kúrò?
4. Ẹ kọ èsì lẹ́tà náà sí àbúrò tó wà ní Kánò.