Ẹlẹ́rù Ló Ń Gbé E Níbi Tó Ti Wúwo

Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù níbi tó ti wúwo. Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ ńlá ló ń sọ iléeṣẹ́ ìkọ́lé di ọlọ́gbọ́n. Èmi ò gbà. Ẹ̀rọ ṣeé yá. Ohun tí kò ṣeé yá ni ìrora ẹni tó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, tòun ló bàjẹ́.

Ẹ wo èbúté ńlá tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Iléeṣẹ́ China Harbour ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe alágbàṣe tó gbowó tó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àti iléeṣẹ́ Tolaram ló ni ìpín 75 nínú 100. Ìjọba Èkó ní 20, NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté, ní 5. Èbúté Apapa fara pamọ́ sínú ọ̀sà. Lekki dojú kọ òkun gbalasa. Wọ́n ní láti to òkúta sínú omi kí ó máa gba ìgbì, kí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ jìn tó mítà 16.5. Bí ìgbì bá gbé òkúta yẹn lọ, àwọn náà ni yóò pàdánù.

Owó tún wà ńbẹ̀ o. Ọdún 2011 ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú NPA, ọdún ń gorí ọdún. Oṣù Kẹwàá 2019 ni báńkì ìdàgbàsókè ilẹ̀ Ṣáínà ṣẹ̀ṣẹ̀ yá wọn ní mílíọ̀nù 629 dọ́là. Iṣẹ́ gbéra ní Oṣù Kẹfà 2020, tòun ti kòrónà, Ààrẹ Buhari sì ṣí èbúté náà ní ọjọ́ 23 Oṣù Kìíní 2023. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó ń fi owó oníbàárà kan parí ilé ẹlòmíì kò lè ráyè ronú iṣẹ́. Ọgbọ́n bí yóò ṣe máa sá fún olówó ni yóò máa dá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé láti Ajah títí dé Awoyaya, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín náà di ẹlẹ́rù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lébúrà tó ń bu yanrìn ló kọ́kọ́ ń mọ̀ bí wọ́n bá ti da yanrìn etí òkun mọ́ ọn, iyọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ irin inú kọnkéré. Bí fọ́máànù bá ti jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan pé ta ló bi í léèrè, kò ní sọ mọ́. Kafíńtà tó bá dá ọgbọ́n tí pákó kan náà fi ṣeé lò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fún un nínú owó tó bá yín dá sí. Kí owó Sátidé wọn má di ti ọjọ́ Ajé.

Ní tiyín, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú owó yín wà lọ́wọ́ onílé títí òjò ọdún kan yóò fi rọ̀ sórí ilé náà. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé òjò ni yóò sọ bóyá òun máa gba ìyókù owó òun, yóò pe àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti Ajah dé Awoyaya jẹ́ yanrìn lókè, àbàtà nísàlẹ̀.