Ìlà Márùn-ún, Ìpè Rẹpẹtẹ: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Kánjì 生

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni 生 rí, ọ̀kan lára kánjì, àwọn lẹ́tà tó wá láti Ṣáínà tí wọ́n fi ń kọ èdè Jàpáànù. Ìlà márùn-ún péré ni, ọdún kìíní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Jàpáànù ti ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ó máa ń da àgbà akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, nítorí ìpè rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ kánjì lọ.

Kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́kọ́ wo àwòrán inú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 100, Xu Shen, ọ̀mọ̀wé ará Ṣáínà, ṣàlàyé nínú ìwé Shuowen Jiezi pé ewéko tó ń hù jáde láti inú ilẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti yọ: híhù, bíbí, wíwà láàyè, àti ohun tútù tí iná kò tíì kàn.

Bí ó bá ń kọ ọ́, ìlà kúkúrú tó dà gẹ̀rẹ̀ lápá òsì lókè ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní Jàpáànù, ìlà òòró ni ẹ̀kẹta. Ìlà ìbú ìsàlẹ̀ ló kẹ́yìn, òun ni kí ó sì gùn jù nínú àwọn ìlà ìbú.

Ìpè méjì wá láti Ṣáínà, àmọ́ wọn kò dé lásìkò kan náà. Shō ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Búdà. Sei dé lẹ́yìn rẹ̀, nígbà ìjọba Tang ní Ṣáínà. Ìdí nìyí tí 先生, olùkọ́, fi ń jẹ́ sensei, tí 一生, odindi ìgbésí ayé, fi ń jẹ́ isshō.

Ní ti ìpè ìbílẹ̀, kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ máa wà lára hiragana, lẹ́tà ìró Jàpáànù, tó tẹ̀ lé kánjì náà. 生きる ni ikiru, kí ènìyàn wà láàyè; 生まれる ni umareru, kí a bí ọmọ; 生える ni haeru, kí ewéko hù. Bí 生 bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, nama ni wọ́n sábà máa ń pè é, ohun tí a kò sè.

Kí ó má kó ìpè jọ máa há sórí. Odindi ọ̀rọ̀ ni kí ó kọ́, kí ó fi í sínú gbólóhùn, kí ó pè é sókè, kí ó tó bọ́ sórí òmíràn. Bí àpẹẹrẹ, 芝生, pápá koríko, ń jẹ́ shibafu. Àwọn ìpè tí a kà sókè yìí kò lè tọ́ ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀.

Orúkọ ènìyàn ló wá le jù. Yuzuru Hanyu, tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 2014 àti 2018 nínú eré yíyọ̀ lórí yìnyín, àti Yoshiharu Habu, ògbóǹtarìgì nínú ayò shogi, 羽生 kan náà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ìdílé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpè rẹ̀ yàtọ̀. Níbi orúkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe méfò, kí ó bi onítọ̀hún. Àwọn ará Jàpáànù fúnra wọn ń béèrè, fọ́ọ̀mù wọn sì sábà máa ń ní àyè fún furigana, lẹ́tà tó ń fi ìpè orúkọ hàn.