Ohun tí ajá lè jẹ nínú oúnjẹ wa

Ní Ìsánlú-Ìsin, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, àjẹkù ni ajá ń jẹ: òkèlè àmàlà, ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù, orí ẹja. Kò sí ewu nínú òkèlè fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Sweden fi àbùdá ajá wé ti ìkookò, wọ́n sì rí i pé oúnjẹ bí iṣu àti àgbàdo máa ń dà nínú ajá ju ti ìkookò lọ. Ó ti pẹ́ tí ajá ti ń bá wa jẹun.

Ohun tí a ń rà nínú ọ̀rá ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ wo èròjà tó máa ń bá oúnjẹ bí Indomie wá: iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àlùbọ́sà àti ááyù lílọ̀ sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Méjèèjì yìí máa ń ba èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Sísè kò pa oró wọn. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni èrìgì ajá á funfun, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, kò ní lè lé ọ̀yà mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé wọ́n ṣe ajá òun ni.

Kòkó inú ṣọkọléètì náà ní oró tí ara ajá kì í tètè lé jáde.

Èyí tó burú jù ni xylitol, ohun adùn tí wọ́n ń fi rọ́pò ṣúgà nínú àwọn ṣingọ́ọ̀mù kan. Kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, àmọ́ ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ lójijì. Gíráàmù 0.1 fún kílò kọ̀ọ̀kan ti tó láti ṣe é. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fún ajá tó wọn kílò 10, gíráàmù 1 péré ni, ìyẹn kò sì ju ṣingọ́ọ̀mù mélòó kan lọ. Láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbé e mọ́, kí gìrì sì mú un.

Bí ajá bá jẹ ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kò pa oró yìí, ó sì lè ṣì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹranko. Ẹ mú ọ̀rá ohun tó jẹ dání.

Bí ẹ bá ń sebẹ̀, ẹ bu ti ajá sọ́tọ̀ kí ẹ tó da Máàgì àti àlùbọ́sà sí i.