Ẹni Tó Ké Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Àkànjí ọmọ mi, ìyá rẹ sọ fún mi pé géèmù tún já mọ́ ọ lọ́wọ́ lálẹ́ àná, àti pé o ti ń tọ́jú owó káàdì gíráfíìkì tuntun. Jọ̀ọ́, dá owó náà dúró ná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tú àpótí kọ̀ǹpútà, mo sì ti rí káàdì tó dára ṣáká tí wọ́n tà lọ́pọ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé o rántí ariwo Intel lọ́dún 2024? Àwọn CPU Core ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ni. Géèmù á kàn dédé já, pàápàá àwọn tí wọ́n fi Unreal Engine ṣe, ohun tí yóò sì kọ sójú kọ̀ǹpútà ni pé àyè ìrántí káàdì gíráfíìkì kò tó mọ́. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ọ̀dọ̀ oníkáàdì ni yóò sáré lọ. Bẹ́ẹ̀, káàdì kò ṣẹ̀, kò rò. Géèmù máa ń ki ẹrù rẹ̀ pọ̀ bí ẹni ki gàrí sápò, CPU ló ń tú u. Bí CPU bá ṣi ìṣirò níbi ìtúdì yẹn, ẹlòmíràn ni yóò lọgun. Intel sọ nígbà tó yá pé kóòdù inú CPU ń béèrè fóltéèjì tó pọ̀ jù, ìyẹn sì ń jẹ ẹ́ run díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, èyí tí BIOS tuntun ń gbé wọlé, wọ́n sì fi ọdún 2 kún ọdún 3 tí wọ́n fi ń dúró lẹ́yìn ọjà náà. Ṣùgbọ́n CPU tó ti jẹrà ṣáájú, àtúnṣe kò lè wò ó sàn. Bí tìrẹ bá wà nínú wọn, ṣí BIOS wò lónìí bóyá ó ti ní àtúnṣe náà, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Bí kò bá sí nínú wọn, sọ fún mi bó ṣe ń kú. Ṣé géèmù nìkan ló ń já, tí Windows ṣì wà níbẹ̀? Tàbí gbogbo ẹ̀rọ ló ń pa lójijì, tí yóò sì tún tan? Èyí kejì, iná ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí nílẹ̀ wa yìí: àpótí agbára tí kò kájú káàdì, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń mí sókè mí sílẹ̀. Ìwọ yóò rí 41, Kernel-Power, nínú Event Viewer. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á ló ń sọ, kò sọ ẹni tó pa á. Eruku ọyẹ́ náà ńkọ́? Tú ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí o wo fáànù bóyá eruku ti dí i.

Ohun kan wà tó ṣì ń dùn mí. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé kọ̀ǹpútà oníbàárà kan tí géèmù ń já lórí rẹ̀ sọ́dọ̀. Mo pààrọ̀ àpótí agbára, mo tún Windows fi sí i, mo pa XMP nínú BIOS, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Géèmù kò já mọ́. Mo gba owó àpótí agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kejì ni mo tan XMP padà láti fi wò, ó já láàárín wákàtí kan. RAM ni, kò lè sá eré tí XMP ń fi ipá mú un sá. Àpótí agbára rẹ̀ àtijọ́ kò ní àléébù kankan. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Nítorí náà, ohun kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Àkànjí. Pa XMP lálẹ́ òní, má ṣe nǹkan mìíràn mọ́, kí o ta géèmù rẹ bí o ti ń ta á. Kọ wákàtí tó já sínú ìwé, ooru CPU àti ohun tó kọ sójú. Lọ́jọ́ Sátidé, mú ìwé náà wá pẹ̀lú fíláàṣì kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. N ó fi MemTest86, tó ń dán RAM wò, sí i fún ọ, a ó sì jẹ́ kó sáré mọ́jú.